Ẹrù Tí Ìyá Mi Dì Ránṣẹ́ sí Bọ́ládé

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Òṣòdì kì í ṣe ariwo ọkọ̀ ojú irin, kì í sì í ṣe bàálù tó ń fò kọjá lórí òrùlé wa ní Ṣógúnlé bí ẹni pé ó fẹ́ bá wa jẹun. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé gbogbo èèyàn ló ń sọ èdè mi, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó jẹ́ tèmi. Ká ní àárín àwọn tí n kò gbọ́ èdè wọn ni mo bọ́ sí ni, ǹ bá ti gbà pé àjèjì ni mí, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kí ọ ní èdè ìyá rẹ, kó sì ti kọjá lọ kó o tó dáhùn, oró tirẹ̀ yàtọ̀. Ní Kétu níbi tí mo ti wá, ìkíni nìkan lè gba ìdajì àárọ̀.

Àwọn Faransé ló jọba lé wa lórí ní Kétu kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ. Nítorí náà ni àwọn tí a jọ ń gbé ilé ṣe sọ mí ní Ará Faransé. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí, torí gbogbo Faransé tí mo gbọ́ kò ju kí n kí èèyàn kí n sì dúpẹ́ lọ. Bí mo bá lanu sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n tún un sọ, wọ́n á wá fi ohùn mi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọn ò ní in lọ́kàn láti bú mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ níwọ̀nba. Nígbà tó yá, ohùn Èkó ni mò ń lò níta, ohùn ilé wa sì di ohun tí mo fi ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá kí n má baà gbàgbé rẹ̀. Mo máa ń kí ara mi kú àárọ̀, mo sì máa ń dáhùn.

Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni mo kọ́kọ́ rí, ní ilé ìwòsàn kan. Obìnrin Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kíkọ́ apá àti ẹsẹ̀ tó ti kú bí wọn yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Fisiotẹ́rápì ni wọ́n ń pè é. Ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ mi lágbára, n kì í sì í kánjú. Lọ́jọ́ kan ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi apá aláìsàn kan lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe dẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó dá a lójú pé mo mọ̀ ọ́n, ó ní kí n máa lọ bá àwọn aláìsàn nínú ilé wọn lápá Òṣòdì àti Ìsọlọ̀.

Àwọn tí ẹ̀gbà ti pa apá kan ara wọn ni, tí ilé ìwòsàn sì ti dá padà sílé. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá á ká sí àyà, ọwọ́ á dì bí ìgbà tí èèyàn di owó mú, tó bá sì dì pẹ́, kò ní ṣeé là mọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n má jẹ́ kó dì. Mo máa ń nà án, mo máa ń ká a, mo máa ń gbé e sókè, mo máa ń sọ fún onítọ̀hún pé kó bá mi gbé e bí kò tilẹ̀ rí agbára kankan fi gbé e. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ìsọlọ̀ ìgbà náà, ìlú oko ni. Ibi tí ilé Jakande wà lónìí, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn láti Òṣòdì, iyanrìn á kún bàtà mi kí n tó dé ilé Ìyá Rábì. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni Ìyá Rábì, àgbà obìnrin Mùsùlùmí tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún. Apá ọ̀tún ni ẹ̀gbà ti mú un. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Rábì ọmọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní iwájú ilé, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó sì ń tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí màmá bá kàn wo ife lásán, Rábì ti gbé e dé ẹnu rẹ̀.

"Àǹtí Rábì, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn mú un."

"Ọwọ́ wo?" Rábì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ọwọ́ òsì? Kí ìyá mi máa fi ọwọ́ òsì mu omi lójú àlejò? Háà, Nọ́ọ̀sì!"

"Tọ̀tún ló máa kọ́kọ́ gbìyànjú, ma. Òsì á kàn máa ràn án lọ́wọ́ ni."

"Kí ni wọ́n wá bí mi fún? Kí àwọn ará ilé wa máa sọ pé mo jókòó ti máṣìnnì, ìyá mi ń wá ife kiri bí ẹni tí ò bímọ?"

Òtítọ́ ló sọ. Àgbà kì í nawọ́ mú omi nígbà tí ọmọ wà nítòsí. A kì í sì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ká fi jẹun. Màmá pàápàá kò gbà fún mi. Bí mo bá gbé ife sí ọwọ́ òsì rẹ̀, ńṣe ló máa ń kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ̀ yìí náà ló ń pa apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí apá tí kò bá ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, kí ló fẹ́ jí fún?

Mo rò ó títí. Nígbà tó yá, mo bẹ Rábì pé bí mo bá ti ń wọlé, kó máa gbé ìjókòó rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọ kò bá sí nítòsí, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọmọ kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Rábì wò mí bí olè, àmọ́ ó lọ. Èmi náà gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún màmá, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò sí nínú yàrá. Ó pẹ́ gan-an. Mo wá gbọ́ tí ife kan ilẹ̀, omi dà nù. N kò wẹ̀yìn. Mo rọ omíràn, mo tún kọ ẹ̀yìn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi àti òun, bí ọmọdé tó ń ṣeré bojúbojú.

Iṣẹ́ yìí ní ohun kan nínú tí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún nígbà náà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi wà lára èèyàn. Mo mọ egungun èjìká àwọn bàbá Òṣòdì tí n kò mọ orúkọ àbísọ wọn. Bí mo bá wá padà sí Ṣógúnlé, tí mo tilẹ̀kùn, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó máa kan èmi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ ni mò ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ilé kò yé béèrè ọkọ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mò ń wí ni kí ẹnì kan kàn fọwọ́ gbá èèyàn lẹ́yìn pé, "Kí lo jẹ lónìí?" Mo máa ń fi ọwọ́ mi kan náà ra èjìká ara mi kí n tó sùn. Kò jọra.

Ilé ìwòsàn ní tẹlifóònù, dúdú, ó wúwo, orí tábìlì ọ̀gá ló máa ń wà. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń wò ó. Ta ni mo fẹ́ pè? Wáyà rẹ̀ kò dé agboolé wa. Tẹlifóònù tèmi ni Ẹ̀gbọ́n Múfú, dẹ́rẹ́bà ọmọ Kétu tó ń kó ẹrù àti èrò gba Mẹ́kọ̀ àti Abẹ́òkúta wá sí Èkó. Bí ó bá dé Bọ́ládé ní Òṣòdì, á yà sẹ́bàá ọ̀nà, á sì bá mi níbi tí mo ti ń retí rẹ̀.

"Màmá ńkọ́?" mo máa ń béèrè.

"Àlàáfíà ni. Wọ́n ní kí n kí ẹ dáadáa."

"Àdùnní ńkọ́?" Àdùnní ni àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ ìyá wa.

"Àlàáfíà."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi náà wà dáadáa. Ẹ ní mo ti sanra."

Mi ò sanra. Ẹ̀gbọ́n Múfú rí mi pé mi ò sanra, síbẹ̀ á mi orí, á ní òun á sọ bẹ́ẹ̀. A kì í fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lájò, ẹni tó wà lájò kì í sì í fi ránṣẹ́ sílé. Irọ́ lọ, irọ́ bọ̀, inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń wọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í purọ́ nínú ọkọ̀ yẹn ni ẹrù ìyá mi. Ẹ̀wà ló máa ń fi ránṣẹ́, nínú aṣọ tó nípọn. Ìyá mi ni ẹni tí gbogbo agboolé ń gbé ẹrù wá bá kó bá wọn dì í bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà tàbí sí àjò. Ẹrù tí ó bá dì kì í tú lójú ọ̀nà. Kókó rẹ̀ máa ń le débi pé èékánná mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ kó tó tú. Àwọn ará ilé máa ń ní kí n fi ọ̀bẹ gé e, ìyà kí ni mò ń fi jẹ ara mi. N kò jẹ́ gé e. Mo máa ń jókòó sórí ibùsùn, mo máa ń fi sùúrù tú u, torí pé fún ìwọ̀nba àkókò yẹn, èmi àti ìyá mi jọ ń fa aṣọ kan náà ni.

Ní Ìsọlọ̀, Ìyá Rábì ń gbìyànjú. Apá ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, àmọ́ àwọn ìka kò tíì lè di nǹkan mú. Gèlè ló ń dùn ún jù, nítorí kò fẹ́ kí Rábì máa wé e fún òun bí ọmọ ọwọ́. Mo wá kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan ta kókó: kó fi eyín di etí aṣọ kan mú, kí ọwọ́ òsì gbé èkejì kọjá, kó sì fà á. Inú yàrá la ti ń kọ́ ọ, ilẹ̀kùn títì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí eyín àgbà lára aṣọ. Kókó tí a bá fi eyín ta kì í jọ ti ọwọ́ méjì. Ó máa ń dojú kọ òsì, ibi tí eyín ti mú aṣọ á sì rún pọ̀, á ní ojú eyín.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dì í tí kò tú, ó ní, "Wá." Mo tẹ̀ síwájú. Ó fa gèlè kúrò lórí mi, ó tẹ orí mi ba sí itan rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan náà àti eyín rẹ̀ tún un wé fún mi. Ó wọ́, itọ́ wà lára rẹ̀. "Ó... yẹ ẹ́," ó ní. N kò tún un wé títí mo fi dé Ṣógúnlé. Mo sunkún lójú ọ̀nà, n kò sì tijú, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ kàn mí láì jẹ́ pé ó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n Múfú dé. Ó sọ pé àlàáfíà ni, ó gbé ẹrù ẹ̀wà fún mi. Mo fẹ́ gbé e rù, ni ìka mi bá kan kókó rẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Òsì ni kókó náà dojú kọ. Etí aṣọ kan ti rún, ojú eyín sì hàn lára rẹ̀ gbangba.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló di ẹrù yìí?"

"Màmá ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe dì í."

"Ọwọ́ wo ni wọ́n fi dì í?"

Ó yí padà, ó ṣí iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wo inú ẹ́ńjìnnì tí kò ní nǹkan kan tó ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n Múfú, eyín ni wọ́n fi ta kókó yìí. Apá ọ̀tún màmá mi ti kú, àbí kò kú?"

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. "Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, pé bó o bá gbọ́, wàá sá wálé. Àdùnní fẹ́ bá wọn di ẹrù náà, wọ́n lé e. Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá dì í, wàá mọ̀."

Inú bí mi sí gbogbo wọn. Inú bí mi sí ara mi pàápàá, èmi tí mò ń na apá ìyá onílé, ìyá àlejò, tí apá ìyá tèmi sì ń ká lọ sí àyà láìsí ẹni tó máa nà án. Mo sáré lọ tọrọ àyè nílé ìwòsàn. Obìnrin Òyìnbó mi ti lọ sí ìlú rẹ̀ fún ìsinmi, ẹni tó dúró fún un sì ní bí mo bá lọ kó tó dé, kí n má padà wá. N kò bẹ̀rù àtidi ẹni tó ń gbálẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá dúró dè é, ọwọ́ ìyá mi á ti dì. Bí mo bá sì lọ, kò ní sí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí Kétu mọ́, kò ní sí oògùn, Ìyá Rábì á sì tún di ẹni tí wọ́n ń gbé omi dé ẹnu.

Mo dé Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ń na apá màmá, omi ń bọ́ lójú mi sórí apá náà. Ó fẹ́ mọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún un. Ó pa ojú dé, ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe. Ó wá gbé ọwọ́ òsì, ó tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

"Rán," ó ní. "Rán... ọwọ́."

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wí. Ojú ọ̀nà Òṣòdì ni ó ti yé mi.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Múfú tún dé, mo mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Bọ́ládé, mo ní kó na apá ọ̀tún rẹ̀.

"Níbí? Lójú gbogbo ayé?"

"Ẹ nà án, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin tó sanra ni, apá rẹ̀ tó itan mi. Mo di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ọwọ́ kejì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sọ fún un pé kó sọ apá náà dẹ̀, kó máa wo bí mo ṣe ń ṣe é, òun ló máa lọ kọ́ Àdùnní. Àwọn tó ń polówó ọjà dúró, wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan ní, "Dẹ́rẹ́bà, ìyàwó tuntun ti dé!" Òógùn bò ó. Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní kí n tún ti èjìká ṣe, torí pé kò tíì wọ òun lórí.

"Ohun tó kù rèé, Ẹ̀gbọ́n. Kí Àdùnní gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn, kó sì jáde síta. Kó má bá wọn gbé e."

Ó yọwọ́ rẹ̀. "Èyí ni mi ò ní lè sọ. Wọ́n á ní Èkó ti bà ẹ́ jẹ́."

"Ẹ sọ pé Èkó ti bà mí jẹ́. Kó ṣáà jáde síta."

Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán an, ó sì fi tọmọ jẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti dé Bọ́ládé, n kì í béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ńṣe ló máa ń sọ̀kalẹ̀, á dúró níwájú mi, á sì gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lára, á dá a dúró. "Ibi tó dé nìyí." Nígbà míì, kò ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà míì ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ sí i, torí pé òtútù mú màmá. Kò purọ́ fún mi mọ́. Mo máa ń fọwọ́ kan apá rẹ̀ níbẹ̀, bí ó ṣe gbé e, ojú mi á sì dé Kétu. Àwọn èèyàn tó ń kọjá á máa wo ọkùnrin tó gbé apá dúró àti obìnrin tó di apá rẹ̀ mú, wọ́n á ní orí wa ti dàrú.

Mo ti darúgbó ní Ṣógúnlé báyìí. Tẹlifóònù wà nínú àpò mi, mo ń rí ojú ọmọ àbúrò mi nínú rẹ̀ bó ṣe wù mí. Kò sí ìpè kankan nínú rẹ̀ tó tíì dé ibi tí apá dẹ́rẹ́bà yẹn máa ń gbé mi dé.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dé lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Inú ti ń bí i kí ó tó sọ̀kalẹ̀. "Wá wo ohun tí màmá rẹ fi ojú mi rí! Láti Abẹ́òkúta ni ẹ̀wà ti ń yí gbirigbiri nínú ọkọ̀ mi. Gbogbo èrò ló ń ṣà á. Mo ní kí màmá jẹ́ kí n tún un dì kí n tó gbéra, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹrù tí wọ́n dì, tó tú lójú ọ̀nà!"

Ó ju aṣọ náà fún mi. Ìwọ̀nba ẹ̀wà ló kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo wá kókó náà, mo rí i. Ó dẹ̀, ìka ọmọdé lè tú u. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ló dojú kọ, bíi kókó ọwọ́ méjì. Mo tẹ́ etí aṣọ méjèèjì sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wá ojú eyín títí, n kò rí i.

"Ẹ má bínú sí wọn, Ẹ̀gbọ́n," mo ní, mo sì jókòó sínú ẹrẹ̀ Bọ́ládé, mo bú sẹ́kún.

Ìsọlọ̀ ni mo gbé e lọ tààrà. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Ìyá Rábì. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó fi ìka kan kókó ìyá mi, ó sì mì í wò.

"Kò... le," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," mo ní. "Kò le rárá."